Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àbí ìbọn ọ̀pá méjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Nínú iṣẹ́ tí a ń ṣe láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ nípa ìbọn àtijọ́ sí Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé kí a máa pe ìbọn àtijọ́ tó ń gba kàtíríìjì (ọta tó ní ẹ̀tù nínú) méjì ní "ìbọn ẹlẹ́nu méjì". Ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹlẹ́nu méjì lẹ́nu wa ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni "ìbọn ọlọ́pàá méjì" kò ṣeé lò, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò bi wá pé ọlọ́pàá wo. Ẹ jẹ́ ká yọ "oní" kúrò, kó di "ìbọn ọ̀pá méjì". Ọ̀pá náà, irin oníhò tí ọta ń gbà jáde, la sì fi ń mọ iyì ìbọn.

Ọ̀rọ̀ Dàmásíkù, ìlú kan ní Síríà, ló ká mi lára jù. Torí pé Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀pá tó ní àrà bí ìgbì omi ní "Damascus", àwọn kan ní ibẹ̀ ló ti wá. Rárá o. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ á to irin rírọ̀ àti irin líle pọ̀, á lọ́ wọn bí okùn, á wé wọn mọ́ irin gbọọrọ, á wá fi iná àti òòlù sọ wọ́n di ọ̀kan. Ásíìdì ló ń mú àrà náà yọ. "Ọ̀pá àlọ́pọ̀" ni kí a pè é. Orúkọ náà tún ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n: ìpẹtà lè fara pamọ́ sí ojú ibi tí irin ti so pọ̀, kí ọ̀pá sì bẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi kàtíríìjì òde òní yìn ín.

Fún àmì ilé ìdánwò, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń dán agbára ọ̀pá ìbọn wò, bíi ti Birmingham tó ti wà láti 1813, "òǹtẹ̀ ìdánwò" dára. Ẹ tú ọ̀pá kúrò lára ìdí ìbọn, abẹ́ rẹ̀ lẹ ó ti rí i. Nọ́ńbà 12 níbẹ̀ kì í ṣe iye ọta tí ìbọn ń gbà. Ó túmọ̀ sí pé òjé roboto 12 tó bá inú ọ̀pá náà mu yóò wọn pọ́n-ùn kan. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 18.5.

Ẹnìkan túmọ̀ NOT FOR BALL, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn mìíràn, sí "kò wà fún bọ́ọ̀lù". Ọta òjé kan ṣoṣo, roboto, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹnu ọ̀pá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ há ju inú rẹ̀ lọ: ọta wẹ́wẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ọta ńlá tó kún inú ọ̀pá lè ha sí ẹnu kó sì fà á ya. "Má fi odidi ọta yìn ín" ni èmi yóò kọ. Láàárín 1875 sí 1887 ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹni tó bá rí i ti mọ ìgbà tí wọ́n dán ìbọn náà wò.