Ẹ̀yin tí ẹ lo oògùn kí òkúta ojú ọ̀nà ìtọ̀ lè jáde láìsí iṣẹ́ abẹ, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin yòókù tó gbà á níbẹ̀. Òkúta tèmi jẹ́ mìlímítà 6, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irú rẹ̀ rí ni yóò pè é ní kékeré. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn. N kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀, bí mo bá sì dìde, èébì ni. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán CT, wọ́n rí i pé òkúta náà ti kúrò nínú kíndìnrín, ó sì ti há sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀.

Dókítà ṣàlàyé pé òkúta tí kò bá tó mìlímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, àti pé bí òkúta bá ṣe sún mọ́ àpò ìtọ̀ tó ni ìrètí ṣe ń pọ̀ tó; èyí tí ó bá ju mìlímítà 10 lọ, wọn kì í fi oògùn dúró dè é. Tèmi wà láàárín. Ó kọ tamsulosin mìlígíráàmù 0.4 fún mi, ẹyọ kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì fi diclofenac kún un fún ìrora, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé kíndìnrín mi ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí mo ka ìwé inú páálí oògùn náà, nítorí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin tí pírọ́sítéètì wọn wú ni wọ́n ṣe é fún, obìnrin sì ni mí.

Iṣan tí ó yí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ká ni ó máa ń fún mọ́ òkúta, bí ẹni pé ọwọ́ kan dì í mú. Tamsulosin ń mú kí iṣan náà dẹ̀, pàápàá ní ìsàlẹ̀, kí ìtọ̀ tí ó ń ti òkúta láti ẹ̀yìn lè rí àyè gbé e kọjá. Kò fọ́ òkúta, kò sì yọ́ ọ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí àwọn tí wọ́n pa oògùn tì nígbà tí àwòrán kejì fi hàn pé òkúta wọn kò dín kù.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní ọdún 2015, àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SUSPEND jáde ní Bìrìtéènì: wọ́n fún àwọn kan ní tamsulosin, wọ́n fún àwọn kan ní nifedipine, oògùn mìíràn tí ó ń dẹ iṣan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ni kò nílò ìtọ́jú mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ní ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 2018, ìwádìí kan láti Ṣáínà, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 3,000, wo òkúta ìsàlẹ̀ tí ó jẹ́ mìlímítà 4 sí 7. Ìdá 86 nínú 100 àwọn tí wọ́n lo tamsulosin ni òkúta wọn jáde, ìdá 79 sì ni ti àwọn tí kò lò ó, àwọn tí òkúta wọn ju mìlímítà 5 lọ ni ó sì jẹ àǹfààní náà jù. Lójú tèmi, méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ta ko ara wọn, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú òkúta àwọn ará SUSPEND ni kò ju mìlímítà 5 lọ, irú èyí tí yóò jáde bí a lo oògùn, bí a kò lò ó.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá oògùn ni ó gbé tèmi jáde, n kò lè búra. Wọ́n ní kí n máa tọ̀ sórí asẹ́, iṣẹ́ tí kò níyì rárá, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ tí nǹkan dún kẹ́n lórí rẹ̀. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rí ṣágiṣàgi, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó ha mí níka. Àyẹ̀wò fi hàn pé calcium oxalate ni, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Oògùn náà kò ṣe mí ní ibi kankan ju òòyì lọ, bí mo bá fò dìde lórí ibùsùn. Ní ti omi, àmuyíràá kì í ti òkúta tí ó ti há jáde. Kí òmíràn má baà dì lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n ṣe ní kí n máa mu èyí tí yóò jẹ́ kí ìtọ̀ mi tó lítà 2.5 lójúmọ́.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa. Ohun kan wà tí ẹ kò lè mọ̀: lára ọkùnrin, tamsulosin lè mú kí àtọ̀ dín kù tàbí kí ó má jáde rárá nígbà ìbálòpọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, kí dókítà tó fi yé mi pé kò léwu, ó sì tán nígbà tí mo dá oògùn dúró. Ẹni tí ó bá sì ń múra iṣẹ́ abẹ ojú, kí ó sọ fún dókítà ojú pé òun ń lò ó.

Òkúta tèmi yàtọ̀ ṣá. Uric acid ni, kì í hàn nínú X-ray lásán, CT ni ó tú u fó. Irú èyí nìkan ni mo mọ̀ tí oògùn máa ń yọ́ dáadáa: potassium citrate ni wọ́n fún mi láti dín bí ìtọ̀ ṣe kan kù, mo sì ń ti bébà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ lójoojúmọ́ láti rí i pé pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ó ṣe kan tó, wà láàárín 6.5 sí 7. Òkúta calcium kò gbọ́ èdè yẹn.

*

Ọkọ mi ni ó ni tiwa, oògùn kan náà ni wọ́n sì fún un. Wọ́n ní a lè dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìrora sì ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ibà tó dé lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ń gbọ̀n pìpì lábẹ́ aṣọ ìbora. Nọ́ọ̀sì tí mo pè ní ilé ìwòsàn kan ní kí n fún un ní paracetamol di ilẹ̀ mọ́. N kò gbà. Dókítà tí ó rí i lóru yẹn sọ pé bí kòkòrò àrùn bá wọ inú ìtọ̀ tí òkúta dí lọ́nà, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ kí ó sì pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ dídúró ti parí nìyẹn. Bákan náà ni fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dá pátápátá, ẹni tí èébì kò jẹ́ kí oògùn dúró ní inú rẹ̀, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Wọn kò fi abẹ là á. Ojú ihò ìtọ̀ ni wọ́n gbà fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ẹ̀gbẹ́ òkúta náà kí ìtọ̀ lè rí ọ̀nà ṣàn, wọ́n sì fi oògùn pa kòkòrò náà kí wọ́n tó padà wá fi iná laser fọ́ òkúta. Rọ́bà náà yọ ọ́ lẹ́nu gidigidi, ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ó sì ń ta á ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó gbàgbọ́ pé tamsulosin kan náà ni wọ́n tún kọ fún un, nítorí pé ó máa ń dín ìyọlẹ́nu rọ́bà náà kù.