Fọ́ọ̀mù tí dókítà gbé fún Màmá

Ìyá Bọ́lá (Leeds):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo kì í sùn mọ́, oúnjẹ ò sì wù wọ́n jẹ. A dé ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò wa, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù méjì fún wa, PHQ-9 àti GAD-7. Màmá ní orí àwọn ò dàrú, kí n gbé e kúrò níwájú àwọn. Ta ló ti kọ irú ẹ̀ rí?

Bùọ̀dá Nọ́ọ̀sì (Manchester):
Ẹ bá wa bẹ Màmá, ìwé wèrè kọ́. PHQ-9 ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, GAD-7 ń wo àìbalẹ̀ ọkàn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan ni wọ́n ń bèèrè, iye ìgbà ni wọ́n sì fẹ́ mọ̀: rárá jẹ́ 0, ọjọ́ mélòó kan jẹ́ 1, tó bá lé ní ìdajì ọjọ́ wọ̀nyẹn, 2, bí ojoojúmọ́, 3. Tí àròpọ̀ PHQ-9 bá ti tó 10 nínú 27, dókítà á fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Máàkì yẹn nìkan ò sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe èèyàn o. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kó rẹ èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ba fọ́ọ̀mù yìí jẹ́ mọ́ àwa lọ́wọ́ ni "a dúpẹ́". Ẹ bi àgbàlagbà pé ṣé inú wọn ń bà jẹ́, wọ́n á ní "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi." Ẹ̀yin á sì fi 0 sí i! Ẹ kúkú ní: "Màmá, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tá a ṣe lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òru mélòó lẹ jí tí oorun ò padà wá?" Wọ́n á ka òru náà fún yín.

Ìyá Bọ́lá:
Ohun tí Màmá ń sọ gan-an ni pé orí ń gbóná, nǹkan ń rìn ní àtàrí. Mi ò rí i nínú fọ́ọ̀mù náà.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo):
Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé níbí, a máa ń gbọ́ orí gbígbóná yẹn dáadáa. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n ti dán PHQ-9 wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2006, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ìyá àgbà tó ń tajà ní Ọjà Ọba.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kẹsàn-án: ó ń bèèrè bóyá èèyàn ń rò ó pé ó sàn kí òun kú, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Ìyá wo ló máa dáhùn ìyẹn níwájú ìyàwó ọmọ ẹ̀? Ẹ bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Tó bá ju 0 lọ níbẹ̀, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Bùọ̀dá Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í gbowó ògbufọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ ṣeun. Wọ́n máa fún wa ní ti orí fóònù. Ẹ̀rù tó wá ń ba Màmá báyìí ni kí ògbufọ̀ má lọ jẹ́ ará Òkè-Báálẹ̀.

Bùọ̀dá Nọ́ọ̀sì:
Ha! Ògbufọ̀ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Tí Màmá bá ṣì ń fura sí ohùn yẹn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ògbufọ̀ mìíràn.