Ṣé kí àbúrò mi gba iṣẹ́ kóòṣì báyìí?
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Houston ni a wà. Àbúrò mi ọkùnrin ń fi baseball jẹun, òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù, àmọ́ líìgì kékeré ló ṣì wà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìgúnpá rẹ̀. Apá náà ò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní kó di kóòṣì.

Mo fi Dusty Baker, tó gbá baseball nígbà kan rí, ṣe àpẹẹrẹ fún un: ó fẹ̀yìn tì ní 1986, ó di kóòṣì ní 1988, ó sì gba World Series, ife-ẹ̀yẹ líìgì ńlá, fún ẹgbẹ́ Astros wa níbí ní 2022, lẹ́ni ọdún 73. Àbúrò mi ní Baker ti kọ́kọ́ gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ní 1981, òun ò tíì dé líìgì ńlá rí. Ẹnu mi wọhò.

Ṣé kó gba iṣẹ́ yìí, àbí kó fún apá ní ọdún kan sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.