Ṣé kí àbúrò mi ṣíwájú ijó lọ́jọ́ ìkórè, àbí kí n gbà kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣíwájú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á kọjá.

Ìkéré la ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ní Down syndrome, ìyẹn ìpò kan tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, tí kì í jẹ́ kí orí tètè gba ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè ka owó pé, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti dún, ẹ ò ní mọ̀ pé òun náà ni. Ó ti tó ọdún méjì tí òun àtàwọn mẹ́rin kan ti ń pàdé lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀sán Sátidé. Méjì nínú wọn dà bíi tirẹ̀, orí wọn kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Òun ló ń kọ́ gbogbo wọn. Ó ní ẹsẹ̀ ijó kan tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀: á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ṣa kòkó, á dìde lójijì, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á wá dúró gbagidi. Kò ní mira títí onílù á fi tún lù ú. Àwọn tó kù náà á dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ní ká wá jó níbi ìkórè ìjọ wa. Inú mi dùn, àfi bí ìgbìmọ̀ ṣe ní kí tíṣà ijó kan dúró níwájú, kí àbúrò mi wà láàárín, kí nǹkan má baà dojú rú. Màmá wa fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn á fi ọmọ àwọn rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n máa ná an lówó nítorí àánú. Ọkàn mi ò gbà á, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kó tẹ́. Bí òun bá máa ṣíwájú, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Onílù Ìkéré: Ọmọ mi, jẹ́ kó ṣíwájú. Ìlù ni wọ́n bí mi sí. Onílù tó bá mọṣẹ́, ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Ohun tó lè ba nǹkan jẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ háyà onílù tí ò rí wọn rí lọ́jọ́ ìkórè gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa lù fún wọn láti ìsinsìnyí lọ. Gángan ni kẹ́ ẹ lò, torí pé ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá gbólóhùn kúkúrú fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: "bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀", "ó yá, dìde". Ohùn wọn ò jọra, etí á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni á fi máa ka ení, èjì.

Ìyá Ìbejì, Adó: Ẹ má bínú o, èmi wà lẹ́yìn màmá yín. Wọ́n gbé ọmọ tèmi sórí pèpéle lọ́jọ́ kan níléèwé, àwọn òbí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó lé lóṣù kan tí kò fi fẹ́ yọjú síta. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín lọ́dún yìí ná.

Tíṣà Ìjerò: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, wọ́n gbé ọmọ yín síbẹ̀ káyé lè wò ó ni. Èyí tí wọ́n ń sọ yìí, òun ló ni ijó. Ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹgbẹ́ oníjó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Corali, láti 1989 ni wọ́n ti wà. Àwọn tó ní irú ìpèníjà yìí ni òṣèré ibẹ̀, àwọn náà sì ń dá ijó sílẹ̀.

Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ má ṣàlàyé rẹpẹtẹ, kí àbúrò yín ṣe é kí wọ́n rí i. Ẹsẹ̀ ijó má yí ipò padà: èyí tó ṣáájú lónìí, òun náà ni kó ṣáájú lọ́la. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí kálukú á dúró sí. Ẹ lọ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, kí ariwo ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ti mọ́ wọn létí. Ní ti tíṣà ijó yẹn, kó dúró lẹ́yìn, kóun náà máa tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá sì bi àbúrò yín ní nǹkan, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ dúró dè é. A máa ń kánjú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́: Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn ọkàn. Eegun ọrùn wọn náà lè má di ara wọn mú dáadáa, nítorí náà, kó má ta òkìtì, kẹ́nikẹ́ni má sì fọ́wọ́ ti orí rẹ̀ síwájú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń kú tipiri tàbí ìrìn rẹ̀ yí padà, kó dáwọ́ ijó dúró lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ gbé omi dání.

Àǹtí Arámọkọ: Owó tí wọ́n bá ná wọn, tiwọn ni o, kò gbọdọ̀ wọ àpótí ìkórè. Ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ ohun tí àbúrò yín fẹ́. Ṣé ẹ ti bi í?

Ẹni tó béèrè: Àǹtí, mi ò tíì bi í. Ojú tì mí nígbà tí mo kà á.

Lálẹ́ àná, èmi, òun àti màmá wa jọ ń bó ẹ̀gúsí. Mo bi í pé, "Níbi ìkórè, ta ló máa wà níwájú?" Mo dákẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ, mo rò pé kò gbọ́ ni. Ó bó bíi mẹ́wàá. Ó wá ní, "Èmi. Tíṣà, ẹ̀yìn."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ṣòkòtò, ó fa màmá wa dìde, ó sì mú wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, wọ́n dìde, ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Màmá fẹ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó mi orí fún wọn pé kò tíì tó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ síbẹ̀, kò sí ìlù, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó ṣe, ó patẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Màmá ti ní àwọn fúnra wọn á lọ bá alága ìgbìmọ̀ ìkórè lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá onílù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé fún wa?