Ẹ̀rọ ní kí ọmọ mi má tíì pààrọ̀ ike eyín rẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìgbógbó là ń gbé ní Ìkòròdú. Ìkẹjà ni dókítà tó ń to eyín ọmọ mi wà (ẹ sì mọ bí Máìlì 12 ṣe ń dí), ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní áàpù tí a fi ń ya àwòrán ẹnu rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú áàpù náà, ló ń wo àwòrán náà, tó ń sọ bóyá kó bọ́ sí ike tó kàn nínú àwọn ike tó ń wọ̀ tẹ̀ léra láti fi to eyín rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ń ní kó dúró, pé ike kẹfà kò jókòó dáadáa lórí eyín ṣóńṣó rẹ̀ lókè (èyí tí wọ́n ń pè ní eyín ajá). Wákàtí 22 ló sì ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́, àfi tó bá ń jẹun tàbí tó ń fọ ẹnu. Mo ti nu ojú kámẹ́rà, mo ti yà á níta lọ́sàn-án gangan, ó ti fi eyín rún rọ́bà tí wọ́n ní kó máa rún kí ike náà lè wọlé, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Pàbó! Mo kọ̀wé sí dókítà, ẹ̀rọ ló tún dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àwòrán ló ń ṣi AI lọ́nà, tàbí ike gan-an ni kò wọlé? Ṣé kó ṣì máa wọ ìkẹfà, àbí kí n gbé e lọ Ìkẹjà lọ́la?