Ta ló ti rí ohun tí ọtí tàbí kokéènì ń ṣe sí ọpọlọ? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Àlíà, Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni lọ́nà Gárèjì Ọ̀fà, ó sì mọṣẹ́ gan-an. Kó tó fọwọ́ kan sípánà láàárọ̀, á ti kọ́kọ́ mu ọtí ọlọ́ràá kí ọwọ́ rẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ń rìn bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó dẹ́rù bà wá jù ni pé ó ń ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ní òun àti Bàbá jọ jẹ àmàlà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Àwọn kan nílé ní irọ́ ló ń pa, àwọn mìíràn ní wọ́n ti ṣe é. Àfáà fún un ní háńtú mu.

Ọsibítù la ti wá gbọ́ pé ọtí kì í jẹ́ kí ara rí fítámì B1 gbà dáadáa, pàápàá lára ẹni tó ń fi ọtí dípò oúnjẹ. Bí fítámì yìí bá tán, àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ìrántí á bàjẹ́. Dókítà Wernicke ará Jámánì ti ṣàlàyé bí àìsàn yìí ṣe ń da ojú àti ẹsẹ̀ láàmú láti 1881, Dókítà Korsakoff ará Rọ́ṣíà sì ṣàlàyé bó ṣe ń ba ìrántí jẹ́ ní 1887. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mókun. Ìrántí rẹ̀ ò tíì pé, ìwé ló ń kọ orúkọ oníbàárà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í purọ́! Ọpọlọ rẹ̀ ló ń fi ohunkóhun tó bá rí dí àlàfo ohun tí kò rántí, òun náà sì gbà á gbọ́. Gbogbo èébú tí wọ́n bú u ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Àlíà. Àwọn tí ẹbí tì mọ́lé kí wọ́n lè fi tipá jáwọ́ ni mo máa ń bá pàdé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lójoojúmọ́, tó bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè gbé e. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, ó sì lè kú. Oògùn wà tí a fi ń bá wọn rọra jáwọ́ lọ́sibítù. Bí wọ́n bá ti jáwọ́, ọpọlọ tí ọtí ti mú súnkì á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù, bí kò tilẹ̀ padà tán. Iwájú ọpọlọ, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, wà lára ibi tó ń jìyà jù. Ẹ wá ń sọ pé wọn ò nítìjú.

Ìyàwó Ọ̀fà:
Ti ọkọ mi, kokéènì ni, Èkó ló ti kó o. Dopamine, kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé nǹkan dára, pé ká tún ṣe é. Ó yẹ kí ọpọlọ kó o padà lẹ́yìn iṣẹ́, kokéènì ò jẹ́ kó kó o. Nígbà tó pọ̀ jù, ọpọlọ á dín àwọn ohun tó fi ń gbà á kù; Dókítà Nora Volkow ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ hàn án. Nínú ilé mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iyán ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọmọ á sáré dì mọ́ ọn, kò ní rẹ́rìn-ín. Ó tún ń fi ọtí lé e: ẹ̀dọ̀ á sọ méjèèjì di cocaethylene, tó ń pẹ́ lára ju kokéènì lọ, tó sì ń han ọkàn léèmọ̀.

Ìyá Àlíà:
Nọ́ọ̀sì, ṣé bárakú yìí lè wà nínú ẹbí?

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán:
Ó lè wà. Olùṣèwádìí kan, Karen Ersche, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọpọlọ àwọn tí oògùn bíi kokéènì ti di bárakú fún wò, pẹ̀lú ti ọmọ ìyá wọn tí kò lò ó. Wọ́n gbé e jáde ní 2012. Ìyàtọ̀ kan náà sí ọpọlọ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n rí lára àwọn méjèèjì níbi tí a fi ń kóra níjàánu. Síbẹ̀, ọmọ ìyá yẹn ò di ajoògùnyó. Bí ẹ bá ń mú ẹ̀gbọ́n yín lọ sí kíníìkì, ẹ mú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ń dàgbà dání, kí wọ́n bá àwọn náà sọ̀rọ̀.