Ìbọn Ìléwọ́ Ayára-bí-Àṣá ní Òlíńpíìkì: Ta Ló Ti Fojú Rí I Nínú Wa?

Ará Kúbwà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ọya. Nígbà Òlíńpíìkì Paris ní 2024, tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wo ìdíje ìbọn ìléwọ́ ayára-bí-àṣá ti mítà 25, èyí tí Li Yuehong ará Ṣáínà gba wúrà rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè na ọwọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì ta àmì márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ǹjẹ́ ẹnì kankan nínú wa ti wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tàbí kí ó ti di irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí yín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Gwarinpa: Èmi wà níbẹ̀ ní London ní 2012, nígbà tí mo ṣì ń kàwé lọ́hùn-ún. Bárékè àwọn ológun ní Woolwich ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí gbogbo ibẹ̀ ṣe máa ń pa rọ́rọ́. Adarí á pàṣẹ, iná pupa á tàn, oníbọn á sì rẹ apá rẹ̀ sílẹ̀, nítorí òfin kò gbà á láàyè láti gbé e sókè ṣáájú àkókò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méje, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Apá á gòkè, ìbọn á dún pà-pà-pà-pà-pà láti orí àmì àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, kí ẹ sì tó mí kanlẹ̀, iná pupa ti padà dé.

Ní ìpele àkọ́kọ́, ìyìn 60 ni kálukú máa ń yìn, ní márùn-ún márùn-ún: nígbà mìíràn wọ́n á yin márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, nígbà mìíràn láàárín mẹ́fà, nígbà mìíràn láàárín mẹ́rin. Alexei Klimov ará Rọ́ṣíà gba máàkì 592 nínú 600, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí lágbàáyé títí di ọjọ́ náà. Gbogbo wa ti gbé wúrà fún un lọ́kàn. Nígbà tí àṣekágbá dé, kálukú tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, Klimov sì bọ́ sí ipò kẹrin. Leuris Pupo ará Cuba ta 34 nínú 40, òun ló gba wúrà. Vijay Kumar, ọmọ ogun Íńdíà, ta 30, ó gba fàdákà. Ará Íńdíà kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo bí Kumar.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Wọ́n da 592 ọmọ ọlọ́mọ nù? Ìrẹ́jẹ gbáà nìyẹn. Ó dà bí ẹni tó borí gbogbo ènìyàn ní JAMB, tí ilé-ẹ̀kọ́ tún wá ní kí ó jókòó ṣe ìdánwò tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Gwarinpa: Mà, òfin àṣekágbá ni. Bí ọta bá bà níbi tí máàkì rẹ̀ dé 9.7 lórí àmì, wọ́n á kà á sí ọ̀kan. Bí kò bá dé ibẹ̀, òfo ni. Máàkì àná kò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ìrẹ́jẹ náà ni mo ṣì pè é.

Fẹ́mi Jos: Ṣebí ìdíje yìí ni ará Tọ́kì tó ki ọwọ́ bọ àpò ti ṣe bí ẹni tó wá ra búrẹ́dì?

Ará Kúbwà: Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ìbọn afẹ́fẹ́ ti mítà 10 ni ti Yusuf Dikeç, òun àti Şevval İlayda Tarhan ni wọ́n jọ gba fàdákà. Nínú ti mítà 25 tí à ń sọ yìí, kò sí ẹni tó ráyè ṣe fáàrí.

Ọmọ Kíṣí: Ẹ máa pariwo àwọn òyìnbó nìṣó. Bàbá mi àgbà ń ta ìgalà lóru, láìsí iná pupa, láìsí iná aláwọ̀ ewé.

Fẹ́mi Jos: Ṣakabùlà ńkọ́? Kí bàbá tó ki ẹ̀tù sí i lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ń kọ orin orílẹ̀-èdè ẹni tó gba wúrà.

Abíọ́nà Kàdúná: Ẹ má bínú, èmi kì í lè wo ìdíje yìí rárá. Ọmọdé ni mí nígbà rògbòdìyàn 2000 ní Kàdúná. Abẹ́ ibùsùn ni ìyá wa kó wa sí, tí ó ń ka iye ìró ìbọn sí wa létí kí a má baà sunkún. Títí di òní, bí wọ́n bá ti yìn márùn-ún léra wọn, ara mi á máa gbọ̀n.

Bàbá Ọlọ́pàá, Lugbe: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìró rẹ̀ kò tó ti ìbọn ológun.

Abíọ́nà Kàdúná: Ẹ̀rù kì í béèrè ìwọ̀n ọta, sà.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Òótọ́ ọ̀rọ̀. Èmi náà máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀.

Bàbá Ọlọ́pàá, Lugbe: Mo gbà. Níti ìrírí tèmi, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n kọ́ wa láti fi di ìbọn ìléwọ́ mú lẹ́nu iṣẹ́. Mo dán ọwọ́ kan wò ní pápá ìdánrawò: ìyìn kìíní bá àmì, ìkejì sì fọ́n yanrìn sókè níwájú mi, nítorí pé ọrùn ọwọ́ ti ta sókè kí ojú tó padà sórí àmì. Ìyẹn ni mo fi ń júbà Károly Takács ará Hungary. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní 1938; ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ìbọn yíyìn, ó gba wúrà ìdíje yìí ní London ní 1948, ó sì tún gbà á ní Helsinki ní 1952.

Ọmọ Kíṣí: Ọwọ́ òsì? N kò gbà.

Bàbá Ọlọ́pàá, Lugbe: Bí o gbà, bí o kò gbà, àkọsílẹ̀ wà. Àbúrò mi kan tó jẹ́ ọmọ ogun fi ìka ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ ní ìhà Maiduguri. Ìtàn Takács ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn. Ó dá mi lóhùn pé òun kò fẹ́ rí ìbọn mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà ló fi tẹ èsì ọ̀hún.

Abíọ́nà Kàdúná: Kí Ọlọ́run dá a lókun, sà.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ọmọ Íńdíà kan, Anish Bhanwala, gba wúrà ìdíje yìí níbi eré Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti Gold Coast ní 2018, ọmọ ọdún 15 péré. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìwọ̀nyí tó wà nílé mi, tí wọn kò mọ̀ ju fóònù lọ.

Fẹ́mi Jos: Mà, ta ni yóò fún ọmọ ọdún 15 ní ìbọn ní Nyanya? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ fóònù wọn.